Àkàbà Àwọn Iwin

Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ ní Òkè-Bọ́lá.
Àwa mẹ́rin yí tábìlì ká lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìyá Ìbídùnní,
àbẹ́là kan nínú agolo mílíìkì,
ẹ̀pà sísun nínú ìwé ìròyìn,
dáìsì olójú ogún tí Olúgbóyè fi owó iléèwé rà.
Èmi ni mo ń darí eré. Èmi ni mo ya ìlú náà sórí káàdì:
Ìbàdàn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọmọ ènìyàn.

Mo ní: "Lábẹ́ Òkè Màpó, ààfin iwin wà.
Agbo-ilé méjì ló ní.
Lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn Ọmọ Ọyẹ́:
ètè wọn là bí ilẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ,
eruku ni wọ́n fi ń lé làálì,
wọn kì í rẹ́rìn-ín, wọn kì í gbàgbé gbèsè.
Lọ́wọ́ òsì, àwọn Ọmọ Òjò,
tí ń sùn sórí páànù tó ti dípẹtà,
omi Ògùnpa ni dígí wọn,
ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pa ènìyàn.
Ìlà méjèèjì ló ní àkàbà oyè.
Bí ìlà kan bá jọba lónìí, ìkejì ló kàn,
bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé wa.
Kò sí fífò. Ìgbésẹ̀ kan, ikú kan."

Ìbídùnní gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀.
"Ṣé iwin a máa kú?"

N ò tíì rò ó débẹ̀.
Mo wo àbẹ́là. Mo ní: "Rárá."

Ẹ̀rín pa wá. Olúgbóyè lu tábìlì:
"A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń gòkè!"

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tẹ̀ ṣe wọ ààfin náà.
Nítorí ẹni tó wà nísàlẹ̀ àkàbà
ti dúró fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún,
ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí igi,
fìlà rẹ̀ ti hu ewé,
ẹ̀ga ti kọ́lé sí àpò agbádá rẹ̀,
síbẹ̀ láràárọ̀ ni ó ń kí gìgísẹ̀ ẹni tó wà lókè rẹ̀.
Ẹgbẹ́ kan ní kí a gé àkàbà.
Ẹgbẹ́ kan ní kí a yá ikú lọ́wọ́ ènìyàn,
fún ọjọ́ mẹ́ta péré, a ó dá a padà.
Ẹgbẹ́ kẹta kò sọ nǹkan kan, àwọn ni mo bẹ̀rù jù:
òru ni wọ́n fi ń da òróró sórí àkàbà.

Làmídì kò rẹ́rìn-ín.
Òun ló ń ṣe Ìrìògbẹ, ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá ní ìlà Òjò.
Bàbá Làmídì ti jẹ mọ́gàjí láti ìgbà tí a wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.
Gbogbo wa la mọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí.
Ọkùnrin náà a máa gbọ́ ìkéde òkú lórí rédíò láàárọ̀,
kálámù lọ́wọ́.
Kì í ṣe ìkà. Ó kàn ń ka ìgbésẹ̀ ni.

Àwọn ayáni-níkú gbé e wá fún Ìrìògbẹ nínú igbá,
wọ́n fi ewé eéran dé e.
"Ọba àgbà ń sùn," ni mo wí.
"Bí o bá ta mẹ́rìnlá, àyè ti ṣí."

Làmídì di dáìsì mú. Ó pẹ́.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń kùn.
Ó ní: "N ò ta á.
Ìrìògbẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí igi.
Ó ń lọ sí Agodi, ó fẹ́ wo bí ewé ṣe ń rí
lójú ẹni tí kò dúró de ẹnikẹ́ni."

Kò sí òfin fún un nínú ìwé mi.
Mo ṣí ojú-ewé títí, mo pa á dé.
Mo ní àkàbà náà mì,
láti ìsàlẹ̀ dókè, gbogbo iwin rọ̀ mọ́ ọn,
Ọyẹ́ àti Òjò, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ kígbe.

Iná dé. Àdúgbò hó: Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!
Làmídì ti ń wá bàtà rẹ̀.
Ó ní bàbá òun kì í jẹun àfi tí òun bá dé.

Dáìsì ṣì wà lórí tábìlì, ó gbóná bí ẹyin.
N ò yí i wò.